Àwọn Ẹ̀gà Tó Fi Ewé Sẹ́nu Kẹ́kọ̀ọ́

Ìtàn ẹyẹ ni èyí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa fi ojú wá ẹnìkejì rẹ̀ bí a bá ti ń bá a lọ.

Nígbà tí ìlú àwọn ẹ̀gà ṣì wà lórí ọ̀pẹ ńlá ẹ̀yìn abúlé, oníkálukú mọ ipò rẹ̀. Ọba wọn, tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́pẹ, ń gbé níbi tó ga jù. Àwọn àgbà wà nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, níbi tí ìbòòji pọ̀ sí. Àwọn tí kò tíì darúgbó, tí wọn kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́, wà láàárín. Wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ fún ti òkè, wọ́n sì ń bá ti ìsàlẹ̀ wí. Àwọn ọ̀dọ́ wà ní ṣóńṣó imọ̀ ọ̀pẹ, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fi ìtẹ́ ṣeré. Akọ ló ń hun ìtẹ́, abo ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí abo bá fi ẹnu fa ìtẹ́ tí kò já, á wọlé, á yé ẹyin sí i. Bí ó bá já, ẹni tó hun ún á tú u palẹ̀ fúnra rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kò sí ẹni tí yóò fi ṣe ẹlẹ́yà, nítorí kò sí akọ kan tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí.

Ariwo ni iṣẹ́ wọn kejì. Àwọn fúnra wọn máa ń sọ pé òwe ni ẹ̀gà ń pa tí ayé ní ó ń pàtótó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá wọn gbé àdúgbò rí mọ̀ pé nígbà mìíràn, pàtótó náà ni.

Àṣà kan wà tí wọ́n fẹ́ràn púpọ̀. Bí ọmọkùnrin bá tó ilé í hun, bàbá rẹ̀ ni yóò ta kókó àkọ́kọ́ fún un lára ẹ̀ka, kókó tí gbogbo ìtẹ́ yóò rọ̀ mọ́. Ìre ni wọ́n kà á sí, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí bàbá ń bá ta kókó lọ́dọọdún, ìre nìkan ló mọ̀, kò mọ kókó.

Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n ń ya hun ilé. Wọ́n ya á lọ́dún yìí, wọ́n ya á lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sì sí ẹni tó rántí pé orí ohun tí wọ́n ń ya ni wọ́n ń gbé. Ẹ̀gà nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Nígbà tó yá, ọ̀pẹ náà dúró gbọnrangandan láìní imọ̀ kan lórí, ó sì kú. Gbogbo ìlú bá kó lọ sórí ọparun tó wà létí odò.

Ní etí odò náà, kò sí imọ̀. Koríko gíga tí à ń pè ní èèsún ló kún ibẹ̀. Ibi tí a bá ń gbé là ń ṣe, nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ewé èèsún hun ilé. Ewé náà rọ̀, ó gùn, ojú rẹ̀ mọ́. Àmọ́ omi ló kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá fi èyí tó ṣì tútù ta kókó láàárọ̀, oòrùn á pa á, á súnkì, kókó á dẹ̀, ìtẹ́ á sì bá odò lọ. Bí àwọn akọ ṣe ń hun ni odò ń gbà á. Àwọn abo wò ó títí, wọ́n sì ránṣẹ́ sí ọba pé bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí àwọn kò rí ilé yé ẹyin sí, àwọn yóò kọjá sí ìlú àwọn ẹ̀gà òdì kejì odò.

Ọba pe ìpàdé. Ẹni tó kọ́kọ́ dìde ni Fìjàbí, olórí àwọn ọ̀dọ́, akọ kan tí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, tí ẹnu rẹ̀ sì ti pọ́n ṣáájú ìyẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí ẹ̀ka kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Kábíyèsí, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ forí jì mí. Kò sí ẹni tó lè ní ẹ kò mọṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀pẹ ni ẹ mọ̀, ọ̀pẹ sì ti kú. Àwa ọ̀dọ́ ti bá èèsún ṣeré, a mọ̀ pé oòrùn gbọ́dọ̀ rí i díẹ̀ kí ó tó ṣe é ta. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ lọ sinmi, kí àwa máa hun ilé fún gbogbo ìlú.”

Àwọn àgbà kùn. Bàbá Agbékọ́, tó dàgbà jù nínú àwọn tó ṣì ń hun ilé, gbé apá sókè kí wọ́n lè dákẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò bí òun nínú. Ó ní, “Ohun tí àgbà bá fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.”

Fìjàbí rọra dáhùn, “Bàbá, orí igi ni gbogbo wa wà.”

Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọba pàápàá fi apá bo ẹnu. Bàbá Agbékọ́ dúró kí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀, ó sì ní, “Ẹ rẹ́rìn-ín. Ìtẹ́ tèmi já, mi ò sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo odò. Tiyín pọ̀ níbẹ̀ ju tiwa lọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ fi ilé híhun sílẹ̀ títí ìyẹ́ yín yóò fi pọ́n.”

Báyìí ni ìpàdé dàrú. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohun tí ẹnìkan sọ. Nígbà tó rẹ ọba, ó pàṣẹ pé kí a kọ́ gbogbo akọ ìlú ní iṣẹ́ èèsún kí òjò tó dé. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ẹnikẹ́ni tí ìtẹ́ rẹ̀ bá já, ìbáà ṣe àgbà, ìbáà ṣe ọmọdé, yóò fi ewé sílẹ̀, kò sì ní hun ilé mọ́ lórí ọparun náà láéláé. Akọ ẹ̀gà tí kò hun ilé kò ní aya, kò ní ẹ̀ka, kò sì ní ohùn nínú ìpàdé. Òkú tó ń fò ni.

Àṣàbí ni ọba gbé iṣẹ́ ìkọ́ni náà lé lọ́wọ́. Òun ni olórí àwọn abo tó ń yẹ ìtẹ́ wò, ojú rẹ̀ sì mú sí àléébù. Ó wólẹ̀, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ọmọ Bàbá Agbékọ́ ni. Láti ìgbà tí àwòdì ti gbé ìyá rẹ̀ lọ, bàbá yìí ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ bọ́ ọ títí ó fi lè fò. Ìtẹ́ bàbá náà kò sì tíì dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo látìgbà tí wọ́n ti dé orí ọparun. Bí ẹ̀kọ́ bá kùnà, òun gan-an ni òfin yóò rán láti gba ewé lẹ́nu bàbá rẹ̀.

Ó ronú gidigidi, ó sì ṣe ohun tí gbogbo ọlọ́gbọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe: ó pín wọn sí ọjọ́ orí. Àwọn àgbà ní àárọ̀, lábẹ́ ìbòòji, pẹ̀lú oríkì àti ọ̀rọ̀ tútù, nítorí ó gbà pé àgbà kì í fẹ́ ohun tuntun. Àwọn ọ̀dọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ní wéréwéré, pẹ̀lú orin, nítorí ó gbà pé ọ̀dọ́ kì í lè jókòó pẹ́. Àwọn ti àárín ní ọ̀sán. Ó gbà pé àwọn wọ̀nyí ti mọ ti òkè, wọ́n sì mọ ti ìsàlẹ̀, kí wọ́n kàn wá gbọ́ ọ fún ìrántí ni.

Ẹ̀kọ́ náà dùn bí nǹkan míì. Àwọn àgbà jókòó, wọ́n ń sọ̀tàn bí imọ̀ ṣe ń dún lẹ́nu nígbà ayé ọ̀pẹ, ọ̀kan kò sì tíì parí tirẹ̀ tí èkejì fi ń gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kọrin èèsún títí orin náà fi gba ìlú kan. Àwọn ti àárín ń pẹ́ dé, wọ́n ń yára lọ, wọ́n ní iṣẹ́ ọba wà lọ́rùn àwọn. Nígbà tó parí, gbogbo wọn yin Àṣàbí. Wọ́n ní àwọn kò rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́. Inú rẹ̀ dùn títí dé ọjọ́ tó jáde lọ fa ìtẹ́ wò.

Èyí tó kọ́kọ́ fà já. Èkejì já. Ó dé ibi ti bàbá rẹ̀, ó fà á díẹ̀, ó sì rí i tó ń lọ sísàlẹ̀, tó yí po nínú omi. Bàbá Agbékọ́ wo odò, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì ní kó má jẹ́ kó dùn ún, nítorí oríkì tí ó fi kí àwọn lójoojúmọ́ dára púpọ̀. Àṣàbí yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí bàbá má baà rí ojú rẹ̀.

Ó fò lọ sí etí odò, níbi tí àwọn ìtẹ́ tó já há sí láàárín koríko. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wà tí kókó wọn dára ṣùgbọ́n tí ewé ti súnkì. Àwọn mìíràn wà tí ewé wọn gbẹ bó ṣe yẹ, àmọ́ tí kókó kò sí, àfi kí ewé kàn lọ́ mọ́ ara rẹ̀. Ó ní èyí tí ewé rẹ̀ súnkì ti àgbà ni, èyí tí kò ní kókó ti ọ̀dọ́ ni. Ó pe àwọn tó ni wọ́n. Àwọn mìíràn rí bó ṣe rò, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọjú tí kókó rẹ̀ le bí òkúta, nítorí kò ní bàbá tí yóò bá a ta á. Àgbà kan yọjú tó ti ń sá ewé sóòrùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, kò kàn rí ẹni bi í ni. Àwọn ti àárín, tí gbogbo ìlú gbẹ́kẹ̀ lé, kò mọ kókó, wọn kò mọ ewé. Iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́. Ojú sì ń tì wọ́n láti sọ ọ́.

Ibi tí Àṣàbí ti ń wo èyí ni bàbá rẹ̀ àti Fìjàbí ti wá já ewé. Ìgbàkígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé, ìjà ni. Lọ́jọ́ yìí, wọ́n ya ewé tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n sì fò kọjá ara wọn láìsọ nǹkan kan. Àṣàbí rò pé wọ́n ti parí ìjà ni. Ó tún wò wọ́n. Kò sí ohun tó parí. Ewé ló kún ẹnu wọn. Ẹ̀rín pa á níbi tó dúró sí, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò ní ìṣòro kankan.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó tọrọ ọ̀rọ̀. Ó ní, “Kábíyèsí, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Látìgbà tí mo ti ń fa ìtẹ́, mi ò béèrè ọjọ́ orí ẹni tó hun ún rí. Mo fà á, ó já tàbí kò já. Ìgbà tí ẹ ní kí n kọ́ yín ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọ̀ ìyẹ́. Ẹ̀kọ́ mi ti já. Mo ti tú u palẹ̀, mo sì fẹ́ hun òmíràn. Ẹ̀ka méjì ni màá lò. Ẹni tí kò bá mọ kókó, kó lọ sí ẹ̀ka kókó. Ẹni tí kò bá mọ ewé, kó lọ sí ẹ̀ka ewé. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan, kó kọ́ni níbẹ̀, kó sì lọ kọ́ èyí tí kò mọ̀ níbòmíràn. Mo tọrọ ohun kan ṣá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bà lé ẹ̀ka méjèèjì, kó gbé ewé sẹ́nu kó tó dé, kó má sì jù ú sílẹ̀ títí yóò fi kúrò.”

Ariwo ta. Àgbà kan béèrè bóyá ọmọ tó yọ nínú ẹyin lójú òun ni yóò wá máa kọ́ òun. Fìjàbí ní bí a bá da àwọn àgbà pọ̀ mọ́ àwọn, ìtàn ni wọn yóò fi gbogbo ọjọ́ sọ. Àṣàbí dá àwọn méjèèjì lóhùn pé kò sí ẹni tí yóò lè sọ̀rọ̀. Bàbá Agbékọ́ béèrè pé báwo wá ni ọmọdé yóò ṣe kí àgbà, tí àgbà yóò ṣe dáhùn.

Àṣàbí ní, “Bàbá, ẹ ó ti kí ara yín láti ilé wá.”

Ọba wo gbogbo wọn, ó sì ní kó máa ṣe é lọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀, orí ọparun dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn àparò inú igbó gbé orí sókè, wọ́n rò pé àwòdì ti pa àwọn ẹ̀gà run. Ní ẹ̀ka kókó, Bàbá Agbékọ́ ló dúró síwájú. Àwọn ọ̀dọ́ ń bà lé ẹ̀ka lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ti àárín sì ń yọ́ wá sí ẹ̀yìn wọn. Ẹni tó dé gbẹ̀yìn ni Fìjàbí. Ó gbé ewé sẹ́nu, ó tẹrí ba. Ẹnu ya gbogbo ẹ̀ka, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu kò lè ya. Fìjàbí tó ní kí àwọn àgbà lọ sinmi kò mọ kókó í ta.

Ọ̀fun Bàbá Agbékọ́ lọ sókè, ó lọ sílẹ̀. Àkísà tó ní nílé ọ̀rọ̀ pọ̀, òwe tó bá ọjọ́ náà mu kò níye, ṣùgbọ́n ewé wà níbẹ̀. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó ta kókó kan lọ́ra lọ́ra. Fìjàbí ta tirẹ̀. Bàbá náà fi èékánná tú u, ó sì ta á fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n wà níbẹ̀ títí oòrùn fi dé àárín ọ̀run, tí kókó ọmọ náà fi kọ̀ láti tú.

Ní ẹ̀ka ewé, ipò yí padà. Fìjàbí sá ewé sóòrùn, ó sì dúró tì í. Bàbá Agbékọ́ kò ní sùúrù. Bó ṣe rí i pé ewé ń rọ, ó na ẹsẹ̀, ó fà á. Fìjàbí fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ tẹ ewé náà mọ́lẹ̀ níwájú àgbà. Gbogbo ẹ̀ka dá dúró. Àgbà kan la ẹnu láti pariwo, ewé bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì di dandan kó fò lọ. Àṣàbí ń wò láti òkè. Bàbá rẹ̀ tẹjú mọ́ ọmọ náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó padà sẹ́yìn, ó sì dúró de oòrùn.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́. Kí n má parọ́, wọn kò tìtorí ìyẹn fẹ́ràn ara wọn. Bí wọ́n bá ti kúrò lórí ẹ̀ka tí ewé bọ́ lẹ́nu, ẹ ó gbọ́ ariwo wọn dé ìdí odò. Ṣùgbọ́n ìtẹ́ ń pọ̀ lára ọparun, odò kò sì rí nǹkan gbà mọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ìjì ló ṣáájú rẹ̀. Ọparun tẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí kan omi, ó dìde, ó tún tẹ̀. Nígbà tí ó dá, Àṣàbí kó àwọn abo jáde láti fa ìtẹ́ wò níṣojú gbogbo ìlú. Ó lọ sí ti bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Ó fà á. Kò mì. Ó tún fà á, kì í ṣe nítorí iṣẹ́ mọ́, nítorí ayọ̀ ni. Bàbá Agbékọ́ bojú wo ibòmíràn bí ẹni pé kò sí ohun tó kàn án níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ti wú. Ti Fìjàbí dúró. Ti àwọn ti àárín dúró. Wọ́n fà á kiri gbogbo ọparun, wọn kò rí èyí tó já.

Ìgbà yẹn ni wọ́n gbójú sókè. Ìtẹ́ ọba kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àwọn ìjòyè ló pawọ́ pọ̀ hun ún fún un. Oníkálukú mú ibi tó wù ú, gbogbo wọn sì gbà pé ẹlòmíràn ti ta kókó rẹ̀. Ọba kò bà lé ẹ̀ka kankan, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ fún ọba pé kó wá kẹ́kọ̀ọ́. Ìjòyè kan yára tẹ̀ síwájú, ó ní ìtẹ́ ọba kì í já, ó kàn lọ wẹ̀ lódò ni. Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Àwọn kan sì ti ń wá orin tí wọn yóò fi gbè é.

Àṣàbí wo bàbá rẹ̀. Ìtẹ́ bàbá ti dúró, ohun tó ń bẹ̀rù ti kọjá, kò sì sí ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ ohun tó bá rí. Ó kúnlẹ̀.

Ó ní, “Kábíyèsí, ìtẹ́ yín já. Kò sí kókó ní ìdí rẹ̀.”

Ọba bi í pé kí ni òfin wí. Ó ní òfin wí pé kí ẹni tí ìtẹ́ rẹ̀ bá já fi ewé sílẹ̀ láéláé. Ọba gbójú sílẹ̀, ó ronú títí omi òjò fi kán tán lára ọparun.

Ó ní, “Òfin mi náà ti já, mo sì tú u palẹ̀. Àṣàbí, ṣé ẹ̀ka kókó ṣì wà?”

“Ó wà, Kábíyèsí.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n rí ọba létí odò, ó ń já èèsún fúnra rẹ̀. Ó sá a sóòrùn, ó dúró tì í, ó gbé e sẹ́nu, ó sì fò wá bà lé ìpẹ̀kun ẹ̀ka kókó, láàárín àwọn ọmọ tí ìyẹ́ wọn kò tíì pọ́n rárá. Gbogbo wọn fẹ́ kígbe Kábíyèsí, ṣùgbọ́n ewé wà lẹ́nu wọn. Wọ́n sún fún un. Fìjàbí, tó ń kọ́ni lọ́jọ́ náà, ta kókó kan níwájú rẹ̀, ó tú u, ó sì tún ta á lọ́ra lọ́ra, kí ọba lè rí i.